Bí ẹ ṣe lè ṣètò iná àpamọ́ fún ọjà iná mànàmáná ìpínlẹ̀ yín

Láti ìgbà tí Òfin Iná Mànàmáná 2023 ti fàyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti dá ọjà iná tiwọn sílẹ̀, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì ti wà lára àwọn tó gba ìṣàkóso ọ̀hún lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ máa gbọ́ jù ní ìpàdé: ta ni yóò kọ́ iléeṣẹ́ amúnáwá, èló ni a ó máa ta iná, ta ni yóò máa gba owó rẹ̀. Ìbéèrè kẹrin kì í sábà jáde àfi lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá ṣókùnkùn: bí ẹ̀rọ ńlá kan bá já lójijì, kí ló wà nílẹ̀ tó máa rọ́pò rẹ̀, ta ló sì ń san owó ìdúró fún un?

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́ ni mo kọ èyí fún, yálà ẹ wà ní àjọ alámòójútó, ní iléeṣẹ́ ìjọba, tàbí lọ́dọ̀ olókòwò tó fẹ́ ta iná fún ìpínlẹ̀. Ẹ kò nílò ju bírò, ìwé àti àwòrán gíríìdì yín, ìyẹn àwọn wáyà àti ohun èlò tó so amúnáwá pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lo iná, láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣáájú. Iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú wáyà. Bí ẹ̀rọ ṣe ń mú un jáde ni ilé àti iléeṣẹ́ ń lò ó tán, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Fíríkúẹ́nsì, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń sọ fún wa bóyá ìmújáde àti ìlò dọ́gba, 50 Hz sì ni tiwa. Ìwé òfin gíríìdì Nàìjíríà fẹ́ kó wà láàárín 49.75 àti 50.25, bí nǹkan bá le, ó gbà kó dé 48.75 tàbí 51.25. Bí ẹ̀rọ kan bá já tí ìlò kò dín kù, fíríkúẹ́nsì á máa wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í já kí wọ́n má bàa bàjẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí gíríìdì á fi dojú dé. Iná àpamọ́ ni agbára tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìlò kó lè dìde kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ okùnfà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan

Ẹ fi ìka tọ́ ohun kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán gíríìdì, kí ẹ sì béèrè pé: bí eléyìí bá bàjẹ́ báyìí, mẹ́gáwáàtì (MW) mélòó ló máa bá a lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ ẹ̀rọ tó tóbi jù, wọ́n á pa ìwé dé. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà ní iléeṣẹ́ amúnáwá Egbin ní Èkó, 220 MW sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà wọ́n á kọ 220. Àmọ́ ọ̀pá gáàsì tó ti Escravos wá sí Èkó ló ń bọ́ Egbin, òun náà ló ń bọ́ àwọn iléeṣẹ́ amúnáwá Olorunsogo àti Omotosho. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀pá yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ kan ló máa lọ. Bákan náà ni wáyà 330 kV tó ń gbé iná iléeṣẹ́ méjì, àti tiransifọ́mà kan ṣoṣo tí gbogbo sólà ìpínlẹ̀ ń gbà kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2019 ni mo máa ń tọ́ka sí níbí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù nígbà tí àrá sán lu wáyà kan ní ìhà àríwá, lẹ́yìn ìlú London. Wáyà náà padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ọgbà afẹ́fẹ́ Hornsea tó wà lójú òkun ti pàdánù 737 MW, ẹ̀rọ kan ní iléeṣẹ́ amúnáwá Little Barford ti já pẹ̀lú 244 MW, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tó fọ́n ká sáàárín ìlú náà sì ti já, torí pé ohun èlò ààbò wọn ṣi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gbọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ méjì mìíràn ní Little Barford tún tẹ̀ lé e. Àpamọ́ tí wọ́n ní lọ́jọ́ náà jẹ́ 1,000 MW, nítorí pé 1,000 MW ni ohun kan ṣoṣo tó tóbi jù lórí gíríìdì wọn. Gbogbo ohun tó já lé ní 1,800. Fíríkúẹ́nsì balẹ̀ dé 48.8 Hz, iná àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù kan sì já. Wọ́n ka ohun tó tóbi jù dáadáa. Ohun tó lè já pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni wọn kò kà tán.

Nítorí náà, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé yín. Lápá òsì, ẹ kọ okùnfà: ọ̀pá gáàsì, wáyà, tiransifọ́mà, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ, àrá. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ gbogbo ohun tó máa bá a lọ. Ìwé yìí ló máa gba àkókò yín jù, ẹ má kánjú lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbàgbé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún

Ẹnì kan á sọ ní ìpàdé pé kí a ṣáà fi ìdá mẹ́wàá ìlò ṣe àpamọ́. Ó dùn-ún rántí, kò sì ní ìdí kankan. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó so gíríìdì wọn pọ̀ lórí ilẹ̀ ńlá ní 3,000 MW àpamọ́ tó yára jù, iye yẹn sì wá láti inú ìbéèrè pé bí ẹ̀rọ núkílíà ńlá méjì bá já pọ̀ ńkọ́. Ohun tó lè já ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a máa lò títí dé ìparí. Ká sọ pé ìpínlẹ̀ yín ń lo 280 MW lálẹ́. Iléeṣẹ́ A ní ẹ̀rọ 80 MW méjì lórí ọ̀pá gáàsì kan. Iléeṣẹ́ B ní ẹ̀rọ 30 MW mẹ́rin, ọkọ̀ ló ń gbé gáàsì tirẹ̀ wá. Àwọn ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ dé òpin agbára wọn: A ń mú 130 MW wá, B ń mú 88. Ìyókù, 62 MW, ń wá láti gíríìdì orílẹ̀-èdè. Ìdá mẹ́wàá jẹ́ 28 MW: kò tó ìdajì ohun tí ẹ̀rọ kan ń mú wá ní A.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pín in gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yára tó

Oríṣi mẹ́ta ló wà, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Àkọ́kọ́ ni ti ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì fi àyè sílẹ̀ ló ń ṣe é, tàbí bátìrì ńlá. Ìkejì ni ti ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹ̀rọ gáàsì kékeré tàbí ti dísẹ́ẹ̀lì tó lè tètè tan, ẹ̀rọ omi tó bá wà nítòsí. Ìkẹta ni ti wákàtí, tó máa wá gba ipò lọ́wọ́ àwọn méjì ìṣáájú kí wọ́n lè padà sí ìmúrasílẹ̀. Ẹ̀rọ oníooru bíi ti Egbin, bó bá ti tutù, wákàtí púpọ̀ ló ń gbà kó tó tan. Kò sí bí a ṣe máa kọ ọ́ sí ìpele àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ó ti ń yí lọ́wọ́. Mo ti rí ètò tó kó gbogbo ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà jọ tó sì pe àròpọ̀ wọn ní àpamọ́. Ìwé lásán nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò ohun tó máa jáde lóòótọ́

Ibí ni a ti ń mọ ètò gidi yàtọ̀ sí ti ẹnu. Ohun èlò tó ń darí ìyára ẹ̀rọ, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní governor, ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní droop. Ẹ̀rọ tí tirẹ̀ bá jẹ́ 4% á fẹ́ fi iye tó dọ́gba pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ kún ohun tó ń mú jáde bí fíríkúẹ́nsì bá fi 2 Hz wálẹ̀. Bó bá fi 0.5 Hz wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló lè fi kún un, bí àyè bá wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sínú àpẹẹrẹ wa. Ká sọ pé ẹ̀rọ kan já ní A, tí a kò sì fẹ́ kí fíríkúẹ́nsì wálẹ̀ ju 49.5 Hz lọ. Ní B, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́rin ń mú 22 MW wá, àyè 8 ló kù lórí wọn. Ní 49.5 Hz, governor fẹ́ fi 7.5 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin jẹ́ 30 MW. Ní A, ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí 65. Bí ọ̀kan bá já, ìkejì fẹ́ gbé 20 MW sí i ṣùgbọ́n 15 péré ni àyè rẹ̀. Àròpọ̀: 45 MW. Ohun tó já jẹ́ 65. Àlàfo 20 MW ló ṣẹ́ kù, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa dí i lásìkò. Bátìrì 20 MW tó lè dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn 10 mẹ́gáwáàtì-wákàtí (MWh), máa dí i. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, ó di dandan kí ẹ̀rọ 20 MW kan ti tan láti ìpele kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á tán, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ wà.

Mo ṣírò bí ẹni pé ìrànwọ́ kankan kò ní wá láti gíríìdì orílẹ̀-èdè. Bí ó bá wá, ẹ dúpẹ́. Ẹ tún ṣe ìṣírò bí gíríìdì náà bá dojú dé tí 62 MW yẹn lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2024, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó dojú dé ní ọjọ́ 14, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 19. Níbí, ẹ̀rọ A méjèèjì á fún wa ní 30, B á fún wa ní 30, bátìrì 20: ó jẹ́ 80, ó tó. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ohun èlò tó máa gé ìpínlẹ̀ yín kúrò lára gíríìdì náà kíákíá kó má bàa fà yín lọ́wọ́ ṣubú.

Bí ọ̀pá gáàsì A bá dákẹ́ ńkọ́? 130 MW ló lọ, àpamọ́ tó wà lórí A sì bá a lọ. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa: àpamọ́ tó wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú ohun tó fẹ́ rọ́pò kì í ṣe àpamọ́ fún okùnfà yẹn. B àti bátìrì jẹ́ 50. Kí a wá ra 80 MW mìíràn sílẹ̀ fún ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ 8 ló wà fún un.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ béèrè epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Mẹ́gáwáàtì tí kò ní gáàsì jẹ́ irin lásán. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iléeṣẹ́ tó bá ta àpamọ́ gbọ́dọ̀ ní gáàsì tó máa sun ún, kì í ṣe èyí tó máa wá bí ẹlòmíràn kò bá lò ó. Ti omi náà ní ìgbà tirẹ̀: Kainji, Jebba àti Shiroro kò lè ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ohun tí wọ́n lè ṣe nígbà tí odò bá kún. Bátìrì tó ti lo agbára rẹ̀ tán ní aago mẹ́fà nítorí ọjà kò wúlò fún yín ní aago mẹ́jọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ san owó ìdúró

Ẹni tó fi àyè 8 MW sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ń pàdánù owó tí ì bá fi 8 MW yẹn pa. Bí ẹ kò bá san án, yóò tà á, ẹ kò sì lè bá a wí. Bíi ti panápaná ni: owó oṣù wọn kì í dúró de ìgbà tí ilé bá jó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gíríìdì orílẹ̀-èdè yé gbogbo èèyàn tó ń ka ìròyìn iná. Iléeṣẹ́ márùn-ún, Egbin, Delta, Olorunsogo, Geregu àti Omotosho, ni wọ́n bá ṣe àdéhùn 295 MW àpamọ́. Lọ́pọ̀ ọjọ́, iye tó wà nílẹ̀ gan-an nínú ìròyìn ojoojúmọ́ ni òdo. Gáàsì kò tó, gbèsè kún ọjà, kò sì sí oníṣòwò tó máa fi mẹ́gáwáàtì sílẹ̀ láìtà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́ lówó èyí tó ti tà.

Ẹ lo ìṣírò yìí láti mọ iye tó yẹ. Ká sọ pé ₦100 ni B ń ta kílówáàtì-wákàtí kan, tí gáàsì rẹ̀ jẹ́ ₦60. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦40. Bí ẹ bá ní kó fi 32 MW sílẹ̀ fún wákàtí 24, ìyẹn 768,000 kílówáàtì-wákàtí, àdánù rẹ̀ jẹ́ ₦30,720,000 lójúmọ́. Bí ẹ bá ní kó fi í sílẹ̀ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mọ́kànlá òru nìkan, ó di ₦6,400,000. Lóru jinjin tí ìlò ti lọ sílẹ̀, àyè á wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó ń du ú. Nítorí náà, ẹ má fi iye kan náà ra gbogbo wákàtí. Ẹ pín ọjọ́ sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí ẹ jẹ́ kí àwọn olùtà dá iye lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Owó méjì ló wà: owó ìdúró, àti owó iná tó bá jáde lóòótọ́. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ẹ má sì ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ amúnáwá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Ọ̀tà, Àgbárá àti Ìkẹjà ní jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbà láti kúrò lórí gíríìdì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá ti pè é, bákan náà ni pẹ̀lú ẹ̀rọ tó tan, ó sì sábà máa ń dín owó kù. Mítà tó ń ka ìlò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni ẹ máa nílò, àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó máa gbé e.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán an wò láìsọ tẹ́lẹ̀

Ìdánwò tí a ti kéde ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, gbogbo ẹ̀rọ ló ń yege nínú rẹ̀. Ẹ pe ìpele kejì lójijì, kí ẹ wo aago. Fún ìpele àkọ́kọ́, ẹ kò tiẹ̀ nílò ìdánwò: gíríìdì wa ń dán an wò lójoojúmọ́. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, ẹ wá ibi tí fíríkúẹ́nsì ti já wálẹ̀, kí ẹ wo bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ gòkè nígbà náà. Bí ìlà rẹ̀ bá lọ tààrà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ti governor rẹ̀ pa. Ẹ gba owó ìdúró padà láti ọjọ́ ìdánwò tó kẹ́yìn tí ó yege, kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yan àdúgbò tí iná wọn máa já

80 MW tí a kò ra fún ọ̀pá gáàsì A, ibí ló máa ti wá. Ẹ fi ohun èlò aládàáṣiṣẹ́ sórí àwọn fídà kan, ìyẹn wáyà tó ń pín iná fún àdúgbò, kó máa gé wọn ní ìpele ìpele bí fíríkúẹ́nsì bá ṣe ń wálẹ̀. Kò dùn mọ́ olóṣèlú nínú láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ àdúgbò mẹ́rin nínú òkùnkùn fún wákàtí kan sàn ju gbogbo ìpínlẹ̀ lọ.

Ìdẹkùn méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní: fídà Band A, ti àwọn tí iná wọn yẹ kó pẹ́ jù lójúmọ́, ń san owó púpọ̀, nítorí náà àwọn olùpín-iná á fẹ́ yọ gbogbo wọn kúrò nínú àtòkọ. Àwọn tó kù ni fídà tí iná rẹ̀ ti lè wà ní pípa tẹ́lẹ̀ ní wákàtí náà. Fídà tí kò ní iná, gígé rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ ka iye tó wà lórí fídà ní aago mẹ́jọ alẹ́ gidi, ẹ má ka iye tó wà nínú ìwé. Ìkejì ni ti Texas ní oṣù Kejì 2021. Nígbà tí òtútù mú àwọn ẹ̀rọ, wọ́n gé iná ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ibi tó ń fa gáàsì àti ibi tó ń tì í lọ sí iléeṣẹ́ amúnáwá sì wà lára wọn. Gáàsì tún dín kù sí i, iná tún já sí i. Ẹ wá gbogbo ohun tó ń lo iná láti gbé gáàsì wá, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ilé ìwòsàn àti ilé omi nínú àtòkọ ohun tí a kì í gé.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ ronú nípa iná tó pọ̀ jù

Àwọn tó ń ṣètò sábà máa ń gbàgbé ẹ̀gbẹ́ yìí. Bí ìjì bá jà nígbà òjò, tí wáyà já, tí fídà mẹ́wàá kúrò pọ̀, ìlò á dín kù lójijì, fíríkúẹ́nsì á gòkè, ẹ̀rọ á tún já. Ẹ rí i dájú pé àwọn ẹ̀rọ kan kò sí ní ìsàlẹ̀ pátápátá agbára wọn, kí wọ́n lè lọ sílẹ̀ bí a bá pè wọ́n. Bátìrì tí kò kún tán náà lè gba díẹ̀ mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ yan ẹni tó máa kọ́kọ́ tan

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ̀rọ ńlá kò lè tan láìsí iná láti ìta. Ẹ san owó fún ó kéré tán iléeṣẹ́ kan tó lè dá tan fúnra rẹ̀ pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì tàbí bátìrì, kí ẹ kọ ọ̀nà tí iná rẹ̀ máa gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, wáyà kan sí wáyà kan. Ẹ ṣe é gan-an lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kì í ṣe lórí tábìlì.

Lẹ́yìn èyí, ó di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní ọ̀sán, kí ètò alẹ́ tó jáde, ẹni tó wà ní yàrá ìdarí gbọ́dọ̀ mú ìwé ìgbésẹ̀ 1 jáde, kó wo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sì kọ iye mẹ́ta sílẹ̀: ohun tó tóbi jù tó lè já lálẹ́ òní, iye àpamọ́ tó wà nílẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àti iye tó wà lórí fídà tí a lè gé. Bí ìkejì àti ìkẹta pọ̀ kò bá tó ìkíní, kó dín agbára iléeṣẹ́ A kù kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.